Láti Ojú Irin Dé Ojú Eyín: Ìtàn Síláǹtì

 

Ìpè kan ló fa ètò tòní. Àǹtí mi pè mí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní dókítà eyín fẹ́ fi síláǹtì dí ojú eyín ẹ̀yìn ọmọ àwọn, ọmọ ọdún méje. "Eyín tí kò dùn ún, tí kò níhò kankan! Ìwọ tó o máa ń ka gbogbo nǹkan, ṣé wọn ò kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi fúnra mi ti yọ eyín ẹ̀yìn kan nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àti orín àti búrọ́ọ̀ṣì, kò sí èyí tó gbà mí sílẹ̀. Mo bá lọ wádìí.

Ẹ fi ahọ́n kan eyín tẹ́ ẹ fi ń lọ oúnjẹ wò. Kò tẹ́ pẹrẹsẹ, àbí? Ó ní kòtò àti ojú ìlà tóóró. Àwọn míì tóóró débi pé irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ò lè wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ súgà àti bakitéríà ń wọlé wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní kòkòrò eyín ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọmọdé. Kì í ṣe kòkòrò tó ń rìn o. Bakitéríà ló ń jẹ súgà, tó ń tu áásíìdì sílẹ̀, áásíìdì náà ló sì ń jẹ eyín.

Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n. Ní 1923, Hyatt, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà, dábàá pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò ojú eyín tó ṣì dá ṣáṣá, kí wọ́n dí i kó tó bàjẹ́. Ẹ gbọ́ ná, eyín tí ò ṣe nǹkan kan! Ó dà bí ẹni tó fọ́ ògiri ilé ara rẹ̀ kí olè má bàa fọ́ ọ.

Michael Buonocore ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ilé ìtọ́jú eyín Eastman ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ló ti ń ṣiṣẹ́. (Owó George Eastman, ẹni tó dá Kodak sílẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ ibẹ̀.) Ìṣòro ìgbà yẹn ni pé kò sí nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ eyín dáadáa. Àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ ti ń fi phosphoric acid pa ojú irin kí ọ̀dà lè mú un. Buonocore gbé ọgbọ́n náà wá sójú eyín. Ní 1955 ló tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: áásíìdì ìdá 85 nínú 100, fún ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, kí wọ́n tó fomi ṣàn án. Áásíìdì náà á dá ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí sójú eyín. Ike olómi á ṣàn wọnú wọn, á gan, á sì di ibẹ̀ mú bíi gbòǹgbò. Áásíìdì tó ń ba eyín jẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń dáàbò bò ó. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní 1967, òun àti Cueto ròyìn àkọ́kọ́ síláǹtì. Ẹbí gọ́ọ̀mù tá a mọ̀ sí super glue ni wọ́n lò, ihò eyín sì dín kù ní ìdá 86 nínú 100 láàárín ọdún kan. Gọ́ọ̀mù yẹn ò pẹ́ lẹ́nu. Irú ike tó le jù, èyí tí Rafael Bowen ṣe, ló rọ́pò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mú un gan.

Ṣùgbọ́n ṣé ó ń tọ́jọ́? Ìbéèrè Àǹtí mi gan-an nìyẹn. Richard Simonsen fi síláǹtì sí eyín àwọn ọmọdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún un ṣe, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 15. Ó tẹ èsì jáde ní 1991. Síláǹtì ṣì wà lódindi lójú nǹkan bí ìdá 28, ó ku díẹ̀ lójú ìdá 35, ó sì ti ṣí kúrò lójú ìyókù. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá 31 péré nínú ojú eyín tí wọ́n dí ló ti jẹrà tàbí tí wọ́n ti tún ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọn ò dí, nǹkan bí ìdá 83 ni! Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

CDC ti Amẹ́ríkà ní tiwọn sọ ní 2016 pé ó ń dènà ìdá 80 nínú ihò eyín ẹ̀yìn fún ọdún méjì, àti ìdá 50 títí dé ọdún mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá tó wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá ni kò ní in nígbà yẹn. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí eyín mi fi jáde.

Kì í ṣe idán o. Kò dáàbò bo àárín eyín méjì, ó lè ṣí, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Búrọ́ọ̀ṣì ò kúrò ńlẹ̀.

Mo pe Àǹtí mi padà, mo ka gbogbo iye wọ̀nyẹn fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ó máa dun ọmọ mi?" Mo ní rárá, kò sí abẹ́rẹ́, ẹ kàn ní kó la ẹnu, kó má sì fi ahọ́n kàn án. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún wọn. Èmi ni mo máa gbé ọmọ lọ, mo sì ti gba nọ́ńbà tèmi náà, nítorí èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo yẹn.