Àwọn Gbẹ́gilére Tó Dé Ẹni Mímọ́ Ládé

Ère Odùduwà kan wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ló gbẹ́ ẹ ní 1987. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan bàbá ńlá Yorùbá yìí, ó ti gbẹ́ ìtàn inú Bíbélì sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mùsùlùmí sì ni.

Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni, ìdílé ọlọ́nà ló ti wá. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló ti lọ kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ Báńdélé, ọmọ Aréogun, gbẹ́gilére ará Ọ̀sì. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ẹgbẹ́ SMA (Society of African Missions) ló dá ibi iṣẹ́ ọnà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ ní 1947, Fáàdá Kevin Carroll sì ń bójú tó o. Carroll kò fẹ́ kí àwọn gbẹ́gilére ibẹ̀ máa ṣe àdàkọ ère òyìnbó. Ó sọ ìtàn Bíbélì fún wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n fi ojú ọnà tí wọ́n bá nílé gbẹ́ ẹ.

Ìpele iṣẹ́ wọn kò yí padà: ọnà lílé, tó ń yọ orí, àyà àti ẹsẹ̀ láti inú ìtì igi; àlétúnlé, tó ń ya ojú, etí àti ìka sọ́tọ̀; dídán; lẹ́yìn náà, fínfín.

Bí àwọn amòye láti ìlà-oòrùn, tí Bíbélì sọ pé wọ́n wá fi ẹ̀bùn júbà Jésù, ṣe di ọba Yorùbá aládé nínú ọnà wọn nìyẹn.

Àwọn kan bínú sí i, pé ó jọ ère òrìṣà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìtàn àwọn amòye náà fúnra wọn. Mátíù kò sọ iye wọn, kò sì pè wọ́n lọ́ba. Ẹ̀bùn mẹ́ta ni àwọn Kristẹni wò tí wọ́n fi ka ẹni mẹ́ta. Lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Apollinare Nuovo ní Ravenna, ní Ítálì, aṣọ Páṣíà ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ọ̀rúndún kẹfà wọ̀ fún wọn. Ní 1164, wọ́n gbé egungun tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ tiwọn kúrò ní Milan lọ sí Cologne ní Jámánì, àwọn èrò sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti júbà wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún karùndínlógún, àwọn ayàwòrán Yúróòpù ti ń ya ọ̀kan nínú wọn ní adúláwọ̀.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń fi ojú tirẹ̀ wo ẹni mímọ́. Ẹ̀tọ́ tí Ravenna àti Cologne ní, Ọ̀yẹ́ náà ní in.

Làmídì kú ní ọjọ́ Kérésìmesì 2009. Ó yẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ikán àti òjò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní Ifẹ̀ sì máa lọ wò ó.