Ẹṣin Ọ̀yọ́ àti Eṣinṣin Inú Igbó

Tí a bá ń sọ ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé, orúkọ àwọn Aláàfin ló máa ń kún ẹnu wa. A ó dárúkọ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, a ó dárúkọ àwọn Ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹranko kan wà nídìí agbára yẹn tí a kì í sábà béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ni ẹṣin ń jẹ? Níbo ló lè gbé? Kí ló lè pa á? Ìdáhùn àwọn ìbéèrè yìí wà lára ohun tó pààlà fún ìjọba Ọ̀yọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Inú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí igi ò ti dí, tí koríko sì pọ̀. Ohun tí ẹṣin ń fẹ́ gan-an nìyẹn: koríko, omi, àti gbalasa tó lè sáré lé. Síbẹ̀, àríwá ni Ọ̀yọ́ ti ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin rẹ̀, owó ńlá sì ni. Ẹni tó rà á tún gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa gé koríko fún un lójoojúmọ́.

Ọ̀tá ẹṣin wá ni eṣinṣin tsetse. Ẹ má fojú kékeré wò ó o! Ẹ̀jẹ̀ ló ń mu, ibi tó ti ń mu ún ló ti ń kó kòkòrò àìrí sí ẹran lára. Ẹṣin tó bá kó o á máa rù, ẹ̀jẹ̀ á máa gbẹ lára rẹ̀, títí tí á fi kú. Eṣinṣin yìí náà kì í fẹ́ oòrùn gangan. Abẹ́ òjìji igi ló ń gbé, ilẹ̀ tútù ibẹ̀ ló ń bímọ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń bí wọn. Ilé eṣinṣin, sàréè ẹṣin: igbó kan náà ni.

Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dàhòmì, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn, bẹ́ẹ̀ ìbọn wà lọ́wọ́ Dàhòmì. Báwo ni ẹṣin ṣe débẹ̀? Igbó kìjikìji já lápá ibẹ̀; ọ̀dàn sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìtòsí òkun, ní ilẹ̀ tó di Benin àti Togo lónìí. Apá ibẹ̀ náà ni òwò Ọ̀yọ́ gbà dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. A ò ní bo èyí mọ́lẹ̀: ẹrú wà lára ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹrú sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ẹṣin.

Ìjẹ̀ṣà ńkọ́? Igbó ni tiwọn. Ẹṣin ò lè sáré láàárín igi, ẹni tó sá pamọ́ ló sì ń kọ́kọ́ rí ẹlẹ́ṣin. Ìtàn sọ pé torí àwọn Ìjẹ̀ṣà ni Aláàfin ṣe fi Tìmì sí Ẹdẹ, kó máa ṣọ́ ibẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 1840, tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo, létí igbó níbẹ̀.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ẹran ni igbó ń pa. Màlúù kékeré tí wọ́n ń pè ní muturu àti ewúrẹ́ kúkúrú wa ti bá eṣinṣin yẹn gbé pẹ́ débi pé ara wọn ń gba àìsàn náà mọ́ra. Ibi tí ẹṣin ń kú sí, ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ń bímọ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì tíì di ìtàn àtijọ́. Àwọn darandaran máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò bá dé, tí eṣinṣin bá pọ̀, wọ́n á padà sókè. Ní báyìí tí a ti gé igbó púpọ̀, tí oògùn sì wà, màlúù lè pẹ́ ní gúúsù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, oko àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀. Kí a tó dá sí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran, ẹ jẹ́ ká béèrè méjì: kí ni ẹran yìí nílò, ta ló sì ti ń jẹun lórí ilẹ̀ tó ti ń wá a?