Iyọ̀ tí ń Bá Iná Jà

Ará Ọ̀ffà mọ̀ pé ẹni tí ó mọ bí a ti í gbá ni lẹ́sẹ̀ lè dá òmìrán. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ṣe ń dá iná. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ ni mo ń wí o. Irú álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú kí omi tòrò ni.

Ní ọdún 1735, Obadiah Wyld, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí àpòpọ̀ álọ́ọ̀mù, bóráàsì àti iyọ̀ mìíràn tí kì í jẹ́ kí aṣọ tètè gbiná. Ní 1821, Gay-Lussac, ará Faransé, rí iyọ̀ tí ó lè dáàbò bo aṣọ ilé eré ní Paris. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ aṣọ náà, iyọ̀ á bá omi lọ.

Nígbà tí ó yá, aṣọ òwú onírun rírọ̀ tí kò wọ́n di aṣọ ọmọ tálákà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń gbiná lára wọn lẹ́bàá ààrò, àwọn mìíràn sì kú. Ìdí nìyí tí W. H. Perkin fi dán oríṣiríṣi iyọ̀ wò. Ní 1912 ó ṣàlàyé fún àwọn onímọ̀ ní New York bí iyọ̀ tin, irú tin tí a ń wà nílẹ̀ Jos, ṣe ń wọ inú òwú tí ọṣẹ kò fi lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Báwo ni irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo igi ìdáná. Ooru ni ó kọ́kọ́ ń tú igi ká. Atẹ́gùn tí ó jáde lára rẹ̀ ni ọwọ́ iná ń jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn iyọ̀ wọ̀nyí ń mú kí atẹ́gùn náà dín kù, kí èédú sì pọ̀ sí i. Èédú á wá bo ohun tí ó kù bí ọmọrí ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ike òde òní. Àwọn tí ń ṣe é ń po iyọ̀ tí ó ní zinc mọ́ ọn, irú zinc tí a fi ń bo páànù òrùlé, kí ó lè di èédú dípò kí ó máa jó. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ohun gbogbo: nínú ike ara wáyà iná, zinc tí ó pọ̀ jù lè mú kí ooru tètè bà á jẹ́. Iyọ̀ òjé ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ooru má bàa tú ike náà ká, bẹ́ẹ̀ májèlé ni òjé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ẹni tí ń sun wáyà kí ó lè rí bàbà inú rẹ̀ tà, ẹ sá fún èéfín rẹ̀. Iyọ̀ ń dá iná dúró díẹ̀ ni; kò sọ ohunkóhun di ohun tí kò lè jó.