Àpótí Ìwé Tí Kò Ní Kọ́kọ́rọ́: Ìwé Orí Ayélujára àti Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láàrin wa, kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé ni àmì iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé. Òun ni ó mọ iye ìwé tí ó wà, òun náà ni ó sì mọ ọmọ tí ó yá ìwé tí kò dá a padà. Ní ìgbà tiwa yìí, iṣẹ́ mìíràn ti kún iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ìtàn a tọ̀ ọ́ wá pé kí ó bá òun wá ohun tí àwọn ọmọ lè kà nípa Kétu lórí ayélujára. Kí ó tó lè dáhùn, ó níláti mọ ẹni tí ó kó ìwé wọ̀nyẹn jọ, àti ìdí tí ó fi kó wọn jọ.

Ọdún 1971 ni a lè ka ìtàn náà sí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún náà, Michael Hart, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, tẹ Ìkéde Òmìnira orílẹ̀-èdè rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà ńlá nìkan ni ó fi tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ ìgbà náà kò ní lẹ́tà kékeré. (Ẹ̀rọ tí kò tíì mọ a kékeré, ta ni yóò bi í léèrè ẹ àti ọ?) Láti inú ìyẹn ni Project Gutenberg ti jáde. Brewster Kahle dá Internet Archive sílẹ̀ ní 1996. Ilé ìkàwé ìjọba ilẹ̀ Faransé ṣí Gallica ní 1997. Wikipedia bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ti èdè Faransé sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹta.

Ìgbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé péjọ sí Kútọnu ní oṣù Kejìlá ọdún 1995 ni íntánẹ́ẹ̀tì dé Bénin. Ṣùgbọ́n kí nǹkan dé Kútọnu yàtọ̀ sí kí ó dé ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbèríko Kétu tàbí Ṣábẹ. Nítorí náà, nínú gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí, Kiwix ni àwa yóò kọ́kọ́ fi sí ọwọ́ olùtọ́jú ìwé. Emmanuel Engelhart, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 2007. Ó ń jẹ́ kí a kó odindi Wikipedia sórí káàdì kékeré kan, kí àwọn ọmọ sì máa kà á níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí rárá.

Gallica ni ọ̀ràn rẹ̀ gba ìrònú jù. Ibẹ̀ ni ìwé àtijọ́ nípa ilẹ̀ wa pọ̀ sí, lọ́fẹ̀ẹ́, ní èdè tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àlùfáà Pierre Bouche tí ó jáde ní Paris ní 1885, lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún méje ní etíkun wa. Ojú àlùfáà ni ó fi wo òrìṣà wa, kò sì pa á mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọdún tí a tẹ̀ ẹ́. Ní 1886 ni ogun Glèlè wọ Kétu, tí ó sun ìlú náà, tí ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Abomey. Ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé borí Abomey ni àwọn tí ó kù tó padà sílé. Ìwé 1885 kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ kankan. Ní ìdà kejì, ìwé Geoffrey Parrinder lórí ìtàn Kétu, tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 1956, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé: 2005 ni Parrinder kú, òfin Faransé sì ń dá ààbò bo ìwé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. Bí ó ti rí nìyẹn: ohun tí ó rọrùn jù lọ láti rí lọ́fẹ̀ẹ́ ni ohun tí àwọn àlejò kọ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá gba ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin àti ọjọ́ orí ìwé ni ó ṣe é. Olùtọ́jú ìwé tí ó bá mọ èyí yóò gbé àpótí àtijọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kò ní jù ú nù. Yóò sì rántí pé Kétu ní Baba Ẹlẹ́gùn, ẹni tí iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni láti mọ ìtàn ìlú sórí, kí ó sì máa kà á nígbà tí a bá ń fi Alákétu jẹ ọba. Kò sí Gallica tí ó ní èyí.

Ìdènà kan tún wà, ti wa nìkan ni. Ní 1875, ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì ní Èkó fìdí ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ Yorùbá. Ní 1975, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà, ìjọba Bénin gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀: ɛ, ɔ, sh àti kp. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tí ó dára jù. Èkejì mú kí ọmọ Yorùbá àti ọmọ Fɔ̀n jọ lo lẹ́tà kan náà, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà ayé gbogbo ní nọ́ńbà, nọ́ńbà ẹ yàtọ̀ sí ti ɛ pátápátá. Ọmọ tí ó bá tẹ Shabɛ lè má rí ohun tí a kọ sábẹ́ Ṣábẹ, ẹni tí ó tẹ Ṣábẹ lè má rí ohun tí Faransé kọ sábẹ́ Savè. Àjàṣẹ́ tún burú jù: Ajashɛ, Hogbonou, Porto-Novo, ìlú kan ṣoṣo.

Wikipedia Yorùbá wà, àkọtọ́ ti Nàìjíríà ni ó sì ń lò. Ọ̀pọ̀ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ni ó lè fi kún un, títí kan kíláàsì kan pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ohun tí a ń bẹ olùtọ́jú ìwé fún kò gba iná mànàmáná: páálí kan lára ògiri, tí a kọ orúkọ ìlú wa kọ̀ọ̀kan sí ní gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́, kí ọmọ tẹ èkejì àti ẹ̀kẹta bí èkíní kò bá mú nǹkan wá.