Òpó-ọkọ̀ inú yàrá ìsùn

Òpó-ọkọ̀ inú yàrá ìsùn jẹ́ òpó ọkọ̀ onígbòkun tí ó gba ihò kan kọjá lára àjà òkè, tí ó la yàrá já, tí ó sì fìdí múlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gan-an. Ó yàtọ̀ sí òpó tí wọ́n gbé ka orí àjà. Nínú ọkọ̀ kékeré, ó sábà máa ń wà láàárín ibùsùn méjì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oúnjẹ.

Àǹfààní

Àjà àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó jọ ń di òpó yìí mú. Nítorí náà, bí okùn onírin kan tí ó fà á dúró bá já lójú òkun, òpó náà lè má wó. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹ́, kùkùté rẹ̀ lè ṣẹ́kù, kí atukọ̀ sì ta ìgbòkun kékeré sí i títí yóò fi dé èbúté. Òpó orí àjà sábà máa ń wó pátápátá.

Òpó tí kò ní okùn ìdádúró rárá kò lè ṣe kó má wọ inú ọkọ̀. Irú rẹ̀ ni òpó Jester, ọkọ̀ oní-mítà 7.6 tí Herbert "Blondie" Hasler dá nìkan tù láti Plymouth dé New York ní ọdún 1960. Ọjọ́ 48 ni ó lò, ó sì ṣe ipò kejì lẹ́yìn Francis Chichester nínú ìdíje náà.

Ìṣòro

Òjò àti omi òkun máa ń jò wọlé láti etí ihò àjà. Bí òpó bá ní ihò nínú, omi tún máa ń gba inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Omi iyọ̀ tí ó bá dúró síbẹ̀ máa ń jẹ ẹsẹ̀ òpó alumíníọ́mù. Ní òru, okùn inú òpó máa ń gbá a, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ni wọ́n sábà fi ń yọ ọ́.

Ìtọ́jú àti ìlò

Wọ́n máa ń fi èèkàn igi tàbí rọ́bà há ihò náà, wọ́n á sì fi rọ́bà wé etí rẹ̀ lókè. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ ẹsẹ̀ òpó wò, kí ihò tí omi ń gbà jáde má baà dí. Nínú yàrá, òpó jẹ́ ohun ìdìmú nígbà tí ìgbì bá ń mi ọkọ̀.

Ní Nàìjíríà

Lightning àti Hobie Cat, tí wọ́n fi ń díje ní Èkó, kò ní yàrá ìsùn. Nítorí náà, ìṣòro òpó inú yàrá kò kan àwọn tó ń tù wọ́n.