Ẹni Tó Náwó Àti Ẹni Tó Ni Ìtàn

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ ṣe fíìmù àkọ́kọ́ pọ̀ ní Súrùlérè, Yábàá àti Muṣin. Ìwé ìtàn wà lábẹ́ abíyá, owó ni kò sí. Bí olówó kan bá wá yọjú, tó ní òun á gbé gbogbo ìnáwó náà, ṣùgbọ́n òun ni yóò mú àwọn òṣèré, òun náà ni yóò sì ni fíìmù, kí ni kí ọmọ náà ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun rárá.

Ṣebí wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ní 1944, ìjọ Church of the Lord ní Èbúté-Mẹ́ta ń wá owó tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì ní kí ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Hubert Ògúndé bá wọn ṣe eré. Glover Hall ní Èkó ni wọ́n ti ṣe é, lóṣù kẹfà ọdún náà. Ìtàn inú Bíbélì ni, ìjọ ló sì ni owó tó wọlé. Nígbà tó di 1945, Ògúndé dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá. Láti ìgbà náà, owó tí èrò ń san lẹ́nu ọ̀nà ló fi ń bọ́ ara rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè wọ́n ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú, àmọ́ kò sí ọ̀gá kan lókè rẹ̀ tí yóò ní kó lọ tún ìtàn kọ.

Ṣùgbọ́n fíìmù kì í ṣe ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé o. Aṣọ, ìlù àti ọkọ̀ kan tó fún alárìnkiri. Fíìmù ń fẹ́ kámẹ́rà ńlá, iná, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, àti owó ilẹ̀ òkèèrè, nítorí London ni wọ́n máa ń gbé e lọ fọ̀ nígbà náà. Ọlá Balógun ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní Paris. Àwọn alárìnkiri ní tiwọn ní èrò lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Balógun darí Àjàní Ògún ní 1976. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love tí gbogbo ayé mọ̀, ló ṣe Àjàní, ọdẹ tó ń bá olóṣèlú jà nítorí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀. Nígbà tó di 1979, Balógun kan náà ló darí Ìjà Òmìnira fún Adé Love àti Ayé fún Ògúndé. Ẹ wo 1980 ná: Adé Love darí Kádàrá fúnra rẹ̀, Ògúndé sì pe òyìnbó kan, Freddie Goode, pé kó wá darí Jáíyésinmi.

Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ìtàn Ògúndé ni, òṣèré Ògúndé ni, iléeṣẹ́ Ògúndé ló gbé e jáde. Kí wá ni olùdarí fẹ́ fi dá a dúró? Mi ò dá Ògúndé lẹ́bi. Àánú Balógun ni ó ń ṣe mí, nítorí òun ló là wọ́n lójú sí kámẹ́rà, àmọ́ èrò tó ń tò sí National Theatre ní Ìgànmú lákòókò ọdún, Ògúndé ni wọ́n wá wò. Àwọn alárìnkiri yìí kì í fi ẹ̀dà fíìmù sílẹ̀ fún onísinimá kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n máa ń gbé e láti gbọ̀ngán dé gbọ̀ngán, tiwọn ni yóò sì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń gba owó.

Ẹni tó bá ni gbogbo rẹ̀ ló ni àdánù rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bi Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá. Ó yáwó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, Balógun ló tún darí rẹ̀. Àwọn olè jí i dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì bo bàbá tó ń pa gbogbo Yorùbá lẹ́rìn-ín. Láti 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi lè gbé fíìmù lọ sí London mọ́. Fídíò gbòde, agbára sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹni tó jọ ọmọ Súrùlérè tiwa yìí jù. Okechukwu Ogunjiofor kàwé jáde nílé ẹ̀kọ́ tẹlifíṣọ̀n ti NTA ní Jos, kò ríṣẹ́, ó wá ń kiri báàgì obìnrin l'Ékòó. Ó ní ìtàn kan lọ́kàn. Kenneth Nnebue, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì tó ti náwó sórí fíìmù Yorùbá ṣáájú, ló gbọ́ ọ, tó sì tú àpò. Living in Bondage jáde ní 1992 lédè Ìgbò. Chris Obi Rapu darí rẹ̀, Ogunjiofor fúnra rẹ̀ ṣe Paulo nínú rẹ̀. Ọjà tà, ilẹ̀ kún.

Ká ní ó kọ owó Nnebue ńkọ́? Bóyá báàgì ni ì bá ṣì máa kiri. Nnebue náà kò mọ̀ bóyá yóò tà. Owó rẹ̀ ni ì bá run. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀tọ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ tà, ọ̀tọ̀ ni ìtàn tí a fi ṣe é, ọmọ tí ebi ń pa kì í sì í rántí ya méjèèjì sọ́tọ̀. Òfin ọdún 1988 tó ń dáàbò bo iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà nígbà náà sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ṣètò bí fíìmù ṣe di ṣíṣe ni òfin náà mọ̀ sí oní-fíìmù, àfi bí àwọn tó jọ ṣe é bá kọ ọ̀nà mìíràn sínú ìwé àdéhùn wọn. Ẹ kíyè sí “àfi” yẹn o. Gbogbo agbára ẹni tí kò lówó, inú rẹ̀ ló wà: kó tó gba kọ́bọ̀, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé fíìmù kan yìí ni òun tà, pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe apá kejì, wọ́n á padà wá bá òun.

Ní 2015, Charles Okpaleke fẹ́ kí Living in Bondage ní ìtẹ̀síwájú. Ọ̀dọ̀ Nnebue ló ti lọ ra ẹ̀tọ́ náà, fún ọdún 10. Ramsey Nouah darí fíìmù tuntun yìí, wọ́n sì gbé e jáde ní 2019.