Wọ́n Ti Ṣílé Kí Wọ́n Tó Kan Páànù: Ìtàn Cyberpunk 2077

Nínú yàrá tí mò ń gbé, orúkọ géèmù kan wà tí a kì í dá lálẹ́ tí a bá fẹ́ sùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé ní kò sí géèmù tó dára tó Cyberpunk 2077 láyé yìí. Èkejì ní ká má tilẹ̀ pè é létí òun. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò purọ́: ọ̀kan ń sọ bí géèmù náà ṣe rí ní 2023, èkejì ń sọ bí ó ṣe jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n wá ní èmi tí mò ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ni kí n dájọ́. Mo ní ó dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ ti ìtàn ni, a ò ní bẹ̀rẹ̀ láti Night City tí géèmù náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ọjà Warsaw, olú ìlú Poland, la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba Kọ́múníìsì wó ní Poland ní 1989. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣe òfin tuntun tó dáàbò bo ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Kó tó dìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ a máa pàtẹ ẹ̀dà géèmù sójú ọjà bí ẹni pàtẹ tòmátì, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n lólè. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra CD PS2 tí wọ́n wé sínú ọ̀rá lẹ́bàá títì rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Marcin Iwiński àti Michał Kiciński, tí wọ́n ti mọra láti ilé ìwé gírámà, dá ilé iṣẹ́ CD Projekt sílẹ̀ ní 1994 kan náà, wọ́n ń kó géèmù orí CD wọlé láti òkè òkun. Ìṣòro wọn kò ṣòro fún ọmọ Nàìjíríà láti lóye: báwo lèèyàn ṣe ń ta ojúlówó fún ẹni tó lè ra ayédèrú ní owó pọ́ọ́kú?

Ìdáhùn wọn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní 1999 wọ́n mú géèmù Baldur's Gate, wọ́n túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èdè Poland, wọ́n gba àwọn òṣèré tí gbogbo ìlú mọ̀ ohùn wọn kí wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì kó máàpù, ìwé òfin eré àti CD orin sínú páálí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè da CD kọ, àmọ́ páálí ńkọ́? Máàpù ńkọ́? Ọjà náà tà wàràwàrà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé bí èèyàn bá bọ̀wọ̀ fún oníbàárà, oníbàárà á yọwó.

Wọ́n di ìlànà yẹn mú fún ogún ọdún. The Witcher tí àwọn fúnra wọn ṣe, láti inú ìwé Andrzej Sapkowski, jáde ní 2007. Ní 2008 wọ́n ṣí ìsọ̀ GOG lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn géèmù àtijọ́ láìfi àgádágodo kankan sí i. Nígbà tí Ààrẹ Obama lọ sí Warsaw ní 2011, Donald Tusk, olórí ìjọba Poland, fi The Witcher 2 kún ẹ̀bùn tó fún un. (Ẹ fojú inú wò ó, kí Ààrẹ wa kó fíìmù Túndé Kèlání lé àlejò lọ́wọ́. Inú mi á dùn.) The Witcher 3 dé ní 2015, wọ́n sì ń fi èènì lé e lọ́fẹ̀ẹ́, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀, lásìkò tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ta irú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó ta géèmù.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2012 ni wọ́n kéde Cyberpunk. Mike Pondsmith, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló ni ayé inú rẹ̀. Ní 1988 ló ti gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí eré orí tábìlì: àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí ìwé àti dáìsì ká, kálukú á gba ipa ẹnì kan ṣe, wọ́n á jọ máa hun ìtàn. Eré agbapaṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ di ti orí ẹ̀rọ.

Ẹ wo ọjọ́ orí ìlérí yẹn dáadáa. Ní 2012, PS4 kò tíì sí ní ọjà. Ìparí 2013 ló dé. Nígbà tí géèmù yóò fi jáde, PS5 ti wà nílé àwọn olówó láti oṣù kan sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kan ti dáyé, ó ti dàgbà, ó sì ti fẹ́ fẹ̀yìn tì láàárín ìlérí àti ìmúṣẹ. Síbẹ̀ wọ́n ṣèlérí pé yóò ṣiṣẹ́ lórí PS4, torí ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí. Ní oṣù Kẹfà 2019, Keanu Reeves fúnra rẹ̀ jáde lórí pèpéle ní Los Angeles láti dá ọjọ́ fún ayé: 16 oṣù Kẹrin 2020. Wọ́n sún un sí 17 oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n sún un sí 19 oṣù Kọkànlá. Wọ́n tún sún un sí 10 oṣù Kejìlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde fáyé pé iṣẹ́ ti parí. Ní 2019 àwọn ọ̀gá ti sọ pé àwọn kò ní fipá mú òṣìṣẹ́ kankan ṣiṣẹ́ àṣekún. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2020, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa wá.

Èèyàn mílíọ̀nù 8 ló ti sanwó sílẹ̀ kí géèmù náà tó jáde. Lórí kọ̀ǹpútà alágbára, ó rìn, bó tilẹ̀ ń tiro. Lórí PS4 àti Xbox One, ojú àwọn oníbàárà rí màbo. Ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ a máa rí bí àbẹ́là tó ń yọ́, mọ́tò a rì sínú títì, géèmù á kàn pa dé láìdágbére. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony fi yọ ọ́ kúrò ní ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, tí wọ́n sì ń dá owó padà fún ẹni tó bá bèèrè. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2021 ló tó padà síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àbùkù yẹn ni gbogbo ayé rántí, fídíò ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ò sì lóǹkà. Ní tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni, ó lè bàjẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tó kọ àyẹ̀wò ṣáájú ìjáde, ti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fún wọn, wọn kò sì gbà wọ́n láyè lákọ̀ọ́kọ́ láti fi àwòrán tí wọ́n gbà fúnra wọn han aráyé. Ẹni tó ní PS4 kò lọ́nà láti mọ ohun tó ń rà. Ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nípa fífi páálí tó kún han oníbàárà ló wá di páálí pa mọ́ ọn lójú. Iwiński tọrọ àforíjì nínú fídíò ní oṣù Kìíní 2021, ó sì gba ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀gá yòókù, kò dà á lé òṣìṣẹ́ lórí. Mo gbóríyìn fún un níbẹ̀. Àmọ́ owó ti wọlé ná: ẹ̀dà tó lé ní mílíọ̀nù 13 ni wọ́n tà kí ọdún yẹn tó parí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀bùn náà, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ òsì fún wa.

Iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Sinnerman. V, ẹni tí à ń gba ipa rẹ̀ ṣe, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n pa ìyàwó rẹ̀: kó bá òun pa apànìyàn náà. Apànìyàn yìí, Joshua, wà nínú mọ́tò pẹ̀lú ọlọ́pàá, kò sì fẹ́ sá. Ó ti di onígbàgbọ́ lẹ́wọ̀n. Ilé iṣẹ́ kan ti bá a ṣe àdéhùn pé àwọn yóò kàn án mọ́ àgbélébùú, àwọn yóò gba ìrora rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí oníbàárà lè rà á kó sì fi ara rẹ̀ mọ bó ṣe dun ẹni tó ń kú. Tí ẹ kò bá yìnbọn, tí ẹ tẹ̀ lé wọn, ẹ ó dé ilé ẹbí ẹnì kan tó pa, níbi tí arábìnrin òkú ti dárí jì í, tí ìyá òkú kò sì fẹ́ rí i sójú. Níkẹyìn, Joshua lè bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kan ìṣó náà. Géèmù kò sọ fún yín bóyá onígbàgbọ́ òdodo ni, tàbí ẹni tí wọ́n ti rà. Mo gbé pẹ́ẹ̀dì kalẹ̀, mo lọ mu omi. Iṣẹ́ yìí wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, láàárín gbogbo àbùkù yẹn, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi lè bá àwọn tó ní pàǹtírí ni géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe.

Ìgboro náà ńkọ́? Kò sí ìlú inú géèmù mìíràn tí mo ti rí tó fún mọ́ra bẹ́ẹ̀, tí ilé ga lé ilé, tí olóúnjẹ ń ta lábẹ́ afárá. Jackie, ọ̀rẹ́ V, kú ní kùtù eré, a sì gbà yín láyè láti lọ sí ètò ìrántí rẹ̀, kí ẹ mú ohun ìní rẹ̀ kan dání lọ gbé sílẹ̀, kí ẹ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Géèmù ìbọn mélòó ló máa ń dúró ṣọ̀fọ̀?

Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí eré agbapaṣe, ó ní ibi tó ti jẹ gbèsè. Wọ́n ní kí ẹ yan ibi tí V ti wá: ọmọ ìgboro, alárìnkiri inú aṣálẹ̀, tàbí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ ò tíì gbádùn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn tó tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi di ọ̀kan, tí oṣù mẹ́fà ìgbé ayé V àti Jackie sì kọjá bí ìpolówó ọjà. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ẹnu díẹ̀ ló kù tó yàtọ̀. Wọ́n tún ní ohun tó wà lórí V yóò pa á láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, síbẹ̀ ẹ lè fi gbogbo àkókò yẹn ra mọ́tò kí ẹ sì máa ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ kiri ìlú. Àtúnṣe kankan kò kan ibẹ̀ títí dòní.

Ibì kan tún wà tó kàn wá gan-an. Ní àdúgbò Pacifica, àwọn Voodoo Boys jẹ́ ọmọ Haiti tí ìjì lé kúrò nílẹ̀ wọn, ẹ̀dè Creole ni wọ́n ń sọ, Maman Brigitte ni olórí wọn ń jẹ́, orúkọ ẹ̀mí kan tí wọ́n ń bọ ní Haiti ní tòótọ́. Ìsìn Haiti yẹn, ilẹ̀ Dahomey, Kóńgò àti ilẹ̀ wa ló ti ṣẹ̀. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nago, ìyẹn Ànàgó, ibẹ̀ sì ni Ogou wà, tí ẹ̀yin náà mọ̀: Ògún, ti irin, ti ogun. Géèmù tó jẹ́ pé irin ni gbogbo èèyàn ń fi sára, apá irin, ojú irin, ẹsẹ̀ irin, ó ní àwọn ọmọ ọlọ́run irin nínú ilé, kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ irin. Wọ́n lo orúkọ ìsìn náà bí ẹni lo pátákó ìsọ̀, wọ́n wá sọ àwọn èèyàn náà di ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tó máa ń lo àlejò kí wọ́n sì jù ú nù. Ìbínú mi síbẹ̀ ju ti mọ́tò tó rì sínú títì lọ.

Àtúnṣe dé díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dà tó bá PS5 mu jáde ní oṣù Kejì 2022. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, eré Edgerunners tí àwọn ará Japan yà fún Netflix dé, àwọn tó ti pa géèmù náà tì sì ń wọ́ padà. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àtúnṣe 2.0 yí bí V ṣe ń jà àti bí ọlọ́pàá ṣe ń lépa padà látìpìlẹ̀, Phantom Liberty sì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú Idris Elba, ọmọ bàbá Sierra Leone àti ìyá Ghana, nínú ipa amí kan tí wọ́n ti gbàgbé sílùú àwókù. Ó dára. N kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn yín, ó dára gan-an ni. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2023, ẹ̀dà Cyberpunk tí wọ́n ti tà ti tó mílíọ̀nù 25.

Ṣùgbọ́n 2.0 àti Phantom Liberty kò dé PS4 rárá. Àwọn tó sanwó nígbà tí ilé ń jò ló ra páànù tí wọ́n fi kàn án, wọn kò sì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Lórílẹ̀-èdè tí PS4 ṣì jẹ́ ẹ̀rọ tuntun lójú ọ̀pọ̀ wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Torí náà mo dájọ́ fún ẹnì kejì nínú yàrá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ẹnì kìíní ni mo fi ṣe gbogbo ohun tí mo sọ wọ̀nyí. Ẹnì kìíní ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ẹnì kejì ṣì ní páálí PS4 rẹ̀, CD méjì nínú rẹ̀. Mo ní kó má tà á. Tí èèyàn bá gbé e sínú ẹ̀rọ láìso íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kò ní rí àtúnṣe kankan gbà, géèmù inú CD gan-an ni yóò jáde, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ní 2020. Àwọn ilé ìpamọ́ ìwé wa kò ní irú ẹ̀rí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, tí iná bá wà, a máa gbé e sí i.